Igi tí ìjì wó nínú igbó ọba: ṣé lóòótọ́ ni kò nílò àyẹ̀wò?

Ìbéèrè: “Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa ni mí, ní apá gúúsù Èkìtì. Nínú oṣù Kẹrin, òjò alátẹ́gùn kan jà ní ìlú wa. Ó ṣí òrùlé ilé, ó sì wó igi púpọ̀ nínú igbó ọba tó bá oko wa pààlà: tíìkì, mẹ̀láínà, àti àwọn igi àdáyébá tó wà lẹ́bàá odò. Kò tíì pé oṣù kan tí àwọn onígẹdú fi dé pẹ̀lú ẹ̀rọ ìgégi àti katakátà. Wọ́n ní àwọn ti gba ìwé àṣẹ láti kó igi tó wó. A bi wọ́n bóyá wọ́n ti ṣe àyẹ̀wò àyíká tí à ń gbọ́ pé òfin ní kí wọ́n ṣe. Wọ́n fi wá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní òkú igi kò nílò àyẹ̀wò. Ní báyìí, odò tí à ń pọn ti ń pọ́n bí omi osùn. Ṣé òótọ́ ni wọ́n ń sọ? Àwọn ọ̀dọ́ wa ní àwọn fẹ́ lé wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà wá nímọ̀ràn.”

Ẹ kú ewu ìjì o. Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ sí òrùlé ẹnikẹ́ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka lẹ́tà yín kí n tó mú bíírò, nítorí ìbéèrè méjì ló so pọ̀ nínú rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ohun tí òfin wí nípa igi tó ti wó. Èkejì ni ohun tí kíkó igi náà ń ṣe sí igbó àti odò yín. Bí a kò bá tú méjèèjì kúrò lára ara wọn, àwọn onígẹdú á fi ìdáhùn àkọ́kọ́ bo èkejì mọ́lẹ̀. Lójú òfin, ó ṣeé ṣe kí wọ́n rí ibi sá sí. Lójú igbó, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, n ó sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Iṣẹ́ igbó ni mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. N kì í ṣe lọ́yà, nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ yìí bá máa dé kóòtù, ẹ wá ẹni tó mọ òfin kún mi.

Òfin tí ẹ ń gbọ́ nípa rẹ̀ ni èyí tí ìjọba ológun ṣe lọ́dún 1992, Dẹ̀kírì nọ́ńbà 86, tó ti di òfin orílẹ̀-èdè títí dòní. Òun ló bí àyẹ̀wò tí àwọn ará ọ́fíìsì ń pè ní EIA. Ó ní kí ìjọba tàbí ẹni àdáni má ṣe dáwọ́ lé iṣẹ́ ńlá kan láìjẹ́ pé wọ́n ti kọ́kọ́ wo ohun tí iṣẹ́ náà máa ṣe sí àyíká. Ní ìparí ìwé òfin náà ni wọ́n to àwọn iṣẹ́ tí àyẹ̀wò jẹ́ dandan fún sí, iṣẹ́ igbó sì ní apá tirẹ̀ níbẹ̀. Gígé gẹdú lórí ilẹ̀ tó tó 500 hẹ́kítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wà lára wọn. Gígé gẹdú ní agbègbè tí omi ti ń ṣàn lọ sínú dáàmù tí à ń mu, tí à ń fi bomi rin oko tàbí tí à ń fi ṣe iná mànàmáná wà lára wọn pẹ̀lú, àti sísọ igbó orí òkè di nǹkan mìíràn bí ilẹ̀ náà bá tó 50 hẹ́kítà. Ẹ wò ó dáadáa: kò sí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé igi tó dúró nìkan ni àwọn ń sọ. Bí iṣẹ́ náà ṣe tóbi tó àti ibi tí wọ́n ti ń ṣe é ni òfin ń wò. Ẹni tó bá ní “òkú igi ni” ti dáhùn ìbéèrè tí òfin kò bi í.

Ṣùgbọ́n n kò ní tàn yín. Ilẹ̀ tó gùn ní kìlómítà márùn-ún tó sì fẹ̀ ní kìlómítà kan ni 500 hẹ́kítà. Ìjì kì í wó igbó bí ìgbà tí ènìyàn ń ro oko láti orí ebè dé orí ebè. Á wó díẹ̀ síhìn-ín, á fo ibì kan, á tún lọ tẹ́ ọ̀gangan mìíràn pẹrẹsẹ. Nínú àwọn igbó tí mo ti ṣiṣẹ́, n kò rí ìjì kan tó wó nǹkan tó tó 500 hẹ́kítà lẹ́ẹ̀kan. Bí tiyín náà kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ tó kù tí ẹ lè dúró lé ni ọ̀rọ̀ dáàmù. Ẹ tọpa odò yín lọ sísàlẹ̀. Bó bá wọ dáàmù bíi ti Egbe, ọ̀rọ̀ hẹ́kítà ti parí nìyẹn, àyẹ̀wò di dandan. Ohun tó máa ń dùn mí nínú òfin náà ni pé kò ka odò tí abúlé ń pọn mu tààrà mọ́ dáàmù, bẹ́ẹ̀ omi kan náà ni. Kí ẹ sì má gbàgbé 50 hẹ́kítà ti igbó orí òkè. Ilẹ̀ òkè ni Èkìtì. Bí ẹ bá gbọ́ pé lẹ́yìn tí wọ́n bá kó igi tán wọ́n máa fi ilẹ̀ náà dá oko ẹ̀gẹ́ tàbí oko kòkó ńlá, iṣẹ́ ti yípadà, ẹ sì lè béèrè àyẹ̀wò lórí ìyẹn.

Ó tún ku ìlẹ̀kùn kan tí wọ́n lè gbà jáde. Òfin yẹn kan náà yọ iṣẹ́ pàjáwìrì sílẹ̀, nígbà tí wàhálà bá bá gbogbo orílẹ̀-èdè, tàbí tí iṣẹ́ náà bá jẹ́ fún ìlera àti ààbò ará ìlú. Mo ti gbọ́ kí àwọn kan fi “pàjáwìrì” bojú nítorí òjò kan ṣoṣo. Kíkó igi tó dábùú ọ̀nà mọ́tò tàbí tó dùbúlẹ̀ lórí wáyà iná, ọ̀rọ̀ ààbò nìyẹn, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ dá a dúró. Tíìkì tó sùn láàárín igbó, tí kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, pàjáwìrì wo ló wà níbẹ̀? Àwọn aláṣẹ àyíká ni òfin sì fún láǹfààní láti sọ pé iṣẹ́ kan yẹ kí á yọ sílẹ̀. Kò fún onígẹdú.

Ìjà yìí kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni iléeṣẹ́ igbó ìjọba àpapọ̀ ní Amẹ́ríkà fi lo ìlànà kan tó yọ kíkó òkú igi kúrò lábẹ́ àyẹ̀wò ńlá, ṣùgbọ́n wọ́n dè é lókùn: ilẹ̀ náà kò gbọ́dọ̀ ju 250 éékà lọ, èyí tó jẹ́ nǹkan bí 100 hẹ́kítà, ọ̀nà tí wọ́n máa là fún ìgbà díẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ ju ìdajì máìlì lọ. Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ ọ̀nà yẹn, n ó padà sórí rẹ̀. Ní Poland, ìjọba fọwọ́ sí i lọ́dún 2016 pé kí wọ́n fi kún igi tí wọ́n ń gé nínú igbó Białowieża, wọ́n ní kòkòrò ló ń pa igi níbẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹrin ọdún 2018, kóòtù àgbà ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù dá a lẹ́jọ́ pé wọ́n rú òfin, nítorí wọn kò rí i dájú ṣáájú pé iṣẹ́ náà kò ní ba igbó jẹ́. Àìsàn igi kò tó àwáwí lójú kóòtù.

Ẹ jẹ́ ká wọ inú igbó wàyí. Igi tó wó kì í ṣe òkú igi dandan. Tíìkì tí atẹ́gùn dá láàárín á yọ èhù láti ara kùkùté rẹ̀. Mẹ̀láínà tilẹ̀ yára jù ú lọ. Bí wọ́n bá fi ẹ̀rọ gé ojú ibi tó ti ya náà kó tẹ́jú, èhù á jáde dáadáa, wọ́n á yan ọ̀kan tàbí méjì tó bá dára jù, igi tuntun ti dé láìgbin nǹkan kan. Nítorí náà, n kò sọ pé kíkó igi burú lọ́nà gbogbo. Bí ó bá jẹ́ tíìkì àti mẹ̀láínà tí ìjọba fúnra rẹ̀ gbìn, tí wọ́n to lẹ́sẹẹsẹ, kíkó wọn bó ṣe yẹ lè ran igbó náà lọ́wọ́. Ti àwọn igi àdáyébá ẹ̀bá odò ló yàtọ̀. Níbi tí ìrókò tàbí afàrà ńlá bá wó sí, oòrùn máa ń rí ọ̀nà kan ilẹ̀ tí kò tíì kàn láti ọdún gbọọrọ. Àdán tó ń jẹ èso ìrókò lóru ló ń fọ́n kóró rẹ̀ káàkiri, kóró náà a sì wà níbẹ̀ títí ìmọ́lẹ̀ á fi dé. Láàárín oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìjì ni àwọn ọmọ igi wẹ́wẹ́ yìí ń yọrí, kò sì sí ẹni tó ń rí wọn àfi ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ wò ó. Àkókò yẹn gan-an ni katakátà ń wọlé.

Ní ìpínlẹ̀ Oregon l'Amẹ́ríkà, lẹ́yìn iná ńlá tí wọ́n pè ní Biscuit lọ́dún 2002, àwọn onímọ̀ kan ka àwọn igi tó ń hù níbi tí wọ́n ti kó òkú igi àti níbi tí wọn kò fọwọ́ kàn. Ohun tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2006 ni pé kíkó igi dín àwọn ọmọ igi náà kù ní ìdá 71 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ̀ka gbígbẹ tó lè gbiná sì pọ̀ nílẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn kan bá wọn jiyàn gidigidi. Igbó tí iná jó ní ilẹ̀ òtútù ni tiwọn, ti ìjì sì ni tiyín, n kò ní gbé iye yẹn wá sí Èkìtì kí n sọ pé òun náà ni. Ṣùgbọ́n bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀ jọra: gẹdú tí wọ́n ń wọ́ nílẹ̀ á tẹ ọmọ igi pa, ẹ̀ka àti ewé tí ẹnikẹ́ni kò rà á sì wà nílẹ̀ títí di ọyẹ́. Nínú oṣù Kejì, nígbà tí ewé tíìkì bá ti rẹ̀ tán, tí ọdẹ kan ń dáná sun ìgbẹ́ nítorí òkété, ohun tí iná máa rí jẹ nìyẹn.

Àwọn onígẹdú ní ẹjọ́ tiwọn, ó sì yẹ ká gbọ́ ọ. Igi kan wà tí kò lè dúró. Bí arère bá sùn nílẹ̀ nígbà òjò, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan àwọ̀ rẹ̀ á ti di búlúù bí ẹni pé wọ́n da yínǹkì sí i, kòkòrò wẹ́wẹ́ á sì ti lu ú níhò bí ojú abẹ́rẹ́. Afàrà náà kì í pẹ́. Ẹni tó bá ní kí wọ́n dúró oṣù mẹ́jọ fún irú igi bẹ́ẹ̀ ti ní kí wọ́n jẹ́ kó jẹrà, owó ìjọba sì ti bá a lọ. Òdodo ni. Ṣùgbọ́n tíìkì ló pọ̀ jù nínú lẹ́tà yín, tíìkì sì ní sùúrù. Ikán á jẹ èèpo rẹ̀ àti ẹran funfun tó wà lẹ́yìn, inú rẹ̀ tó pọ́n á ṣì le koko títí di ẹ̀ẹ̀rùn àti lẹ́yìn rẹ̀. Kí ló wá dé tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ wọ́ ọ nínú ẹrẹ̀ oṣù Karùn-ún? Mo ti bi ọ̀pọ̀ wọn léèrè rí. Owó tí wọ́n yá láti san owó orí igi ń lé wọn. Mo káàánú wọn, ṣùgbọ́n gbèsè wọn kọ́ ni odò yín gbọ́dọ̀ san.

Odò yẹn, ọ̀nà katakátà ló sọ ọ́ di pupa, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan. Igi tó wó tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn kì í da odò láàmú tó bẹ́ẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ tó hú á mú erùpẹ̀ díẹ̀ jáde, kòtò rẹ̀ á gba omi, ó parí. Ojú ọ̀nà tí wọ́n ti wọ́ gẹdú lọ wọ́ bọ̀ lórí ilẹ̀ tó dagun ń di gọ́tà. Gbogbo òjò tó bá rọ̀ á gba ibẹ̀ sáré wọ odò, á sì gbé ilẹ̀ lọ́wọ́. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, mo máa ń ní kí wọ́n fi mítà 30 sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ odò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ̀rọ tó ní táyà tàbí ẹsẹ̀ irin má dé ibẹ̀. Bí igi kan bá níye lórí gan-an láàárín mítà 30 yẹn, kí wọ́n là á sí pákó níbi tó wó sí, kí wọ́n fi orí rù ú jáde. Ẹ̀rọ ìgégi ń fi igi púpọ̀ ṣòfò bí wọ́n bá fi la pákó, ìyẹn ni àléébù rẹ̀. Mo ṣì fara mọ́ ọn ju katakátà lọ.

Ohun kan wà tí ẹ kò kọ sínú lẹ́tà, tó jẹ́ pé òun ni mo bẹ̀rù jù: ṣé igi tó wó nìkan ni wọ́n ń kó? Nígbà tí mo ṣì kéré lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n fún ẹnì kan níwèé láti kó tíìkì tí ìjì wó nínú igbó kan tí mo ń bójú tó. Wọ́n rán mi lọ síbòmíràn fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí mo padà dé, igbó náà ti mọ́lẹ̀ gbòò ju bí ìjì ṣe fi í sílẹ̀ lọ. Mo rìn ín yípo, mo ń wo kùkùté, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ ìjì kankan. Mo kọ ìwé, ìwé náà kò dáhùn. Ó ṣì ń dùn mí. Nítorí rẹ̀ ni mo fi ń kọ́ ẹnikẹ́ni tó bá bi mí bí a ṣe ń wo kùkùté. Igi tí atẹ́gùn hú tegbòtegbò á fi kòtò sílẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ á sì nàró bí ògiri. Èyí tí atẹ́gùn dá láàárín á ya jánganjàngan, kódà bí wọ́n bá tún kùkùté rẹ̀ gé kó tẹ́jú, orí kejì tó ya náà kò wúlò ní sọ̀mílì, nítorí náà wọ́n á gé e jù sí tòsí. Bí ẹ bá rí kùkùté tó tẹ́jú, tí gbòǹgbò rẹ̀ dì mọ́lẹ̀ ṣinṣin, tí kò sí èkúfọ́ igi yíya kankan nítòsí rẹ̀, igi tó dúró ni wọ́n gé níbẹ̀. Ẹ tún wo bóyá òǹtẹ̀ hámà àwọn fọ́rẹ́sítì wà lára kùkùté àti lára gẹdú. Gẹdú tí kò lóǹtẹ̀ kò yẹ kó kúrò nínú igbó.

Ẹ sọ fún àwọn ọ̀dọ́ pé kí wọ́n má lé ẹnikẹ́ni. Ìwé àṣẹ tí wọ́n mú wá lè jẹ́ ojúlówó, ẹni tó bá sì dí i lọ́wọ́ lè di ẹlẹ́ṣẹ̀ ní tèṣán, kí àwọn tí a ń ṣọ́ sì máa ṣiṣẹ́ lóru. Kí Kábíyèsí àti ẹgbẹ́ yín kọ̀wé sí àwọn aláṣẹ igbó ní Adó. Kí ẹ béèrè ẹ̀dà ìwé àṣẹ náà, ọjọ́ tó máa parí, apá igbó tó kàn, àti lékè gbogbo rẹ̀, àkọsílẹ̀ igi tó wó, tí wọ́n kà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹ̀rọ tó wọlé. Òfin ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí ìjọba ń ṣe, tó jáde lọ́dún 2011, fún wọn ní ọjọ́ méje láti dáhùn, Èkìtì sì ṣe tirẹ̀ lọ́dún kan náà. Bí kò bá sí àkọsílẹ̀ igi, ẹ ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ẹ bi àwọn àgbà pẹ̀lú nípa ìwé tí ìlú fi fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ láyé àwọn òyìnbó. Ní ọ̀pọ̀ igbó ọba, wọ́n kọ ẹ̀tọ́ tí ìlú fi sílẹ̀ fún ara rẹ̀ sínú ìwé náà, bíi ṣíṣa ìgbín, jíjá ewé àti pípọn omi.

Ṣé kí ẹ máa jà fún àyẹ̀wò ńlá? Bí odò yín bá wọ dáàmù, bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi í sílẹ̀. Bí kò bá wọ̀ ọ́, tí ilẹ̀ náà kò sì tó 500 hẹ́kítà, èrò tèmi ni pé ẹ má fi agbára yín ṣòfò níbẹ̀. Àyẹ̀wò ńlá ń gba ọ̀pọ̀ oṣù, wọ́n á fi ìwé rẹ̀ síta fún ọjọ́ iṣẹ́ 21 kí ará ìlú lè sọ tẹnu wọn, oníṣẹ́ ló sì ń san owó fún àwọn tó ń kọ ọ́. Ìjìyà ẹni tó bá rú òfin náà kò sì le tó ohun tí à ń rò: 100,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún fún ẹni kan, láti 50,000 dé mílíọ̀nù kan náírà fún iléeṣẹ́. Owó tíìkì díẹ̀ ló máa san èyí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan kò gbà pẹ̀lú mi lórí èyí, wọ́n ní bí a bá fi ọ̀kan sílẹ̀ a ti fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí èmi á béèrè ni kí fọ́rẹ́sítì méjì àti ará ìlú méjì fi ọjọ́ mẹ́ta rin igbó náà, kí wọ́n ka igi, kí wọ́n kun ààlà mítà 30 lẹ́bàá odò, kí wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé kan ṣoṣo. Kí wọ́n kó igi àdáyébá tí kò lè pẹ́, bí kò bá sí lẹ́bàá odò. Kí tíìkì dúró de oṣù Kọkànlá tí ilẹ̀ bá ti gbẹ. Kí wọ́n fi àwọn igi ẹ̀bá odò sílẹ̀ pátápátá. Bí wọ́n bá sì bẹ̀rẹ̀, bí igi bá wó lu igi, tòkè là á kọ́kọ́ gbé: igi tó há sábẹ́ òmíràn máa ń ta padà bí wọ́n bá gé e, ó sì ti pa àwọn tí mo mọ̀.

N kò tíì dé igbó yín, ìyẹn sì lè yí ọ̀rọ̀ mi padà. Bí ilẹ̀ náà bá dagun gan-an, tàbí tó jẹ́ irú igbó tí ìnàkí ṣì ń gbé bíi ti Ìsẹ̀-Èkìtì, n kò ní fọwọ́ sí kíkó igi kankan níbẹ̀, nítorí ọ̀nà tí gẹdú bá gbà jáde ni ọdẹ máa gbà wọlé. Kí òjò oṣù Kẹfà àti koríko tó bo ilẹ̀, ẹ bẹ ọ̀gá fọ́rẹ́sítì agbègbè yín kó jẹ́ kí ẹni méjì tẹ̀ lé òun wọ igbó pẹ̀lú fóònù àti okùn ìwọ̀n. Ẹ ya fọ́tò kùkùté kọ̀ọ̀kan, ẹ wọn ìbú rẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ sí i. Àwọn ti ẹ̀bá odò ni kí ẹ kọ́kọ́ kà.